Ṣọ́ọ̀bù essential oil (ògidì òróró olóòórùn tí wọ́n ń fà lára ewé àti èso) kan ní Pánṣẹ́kẹ́, Abẹ́òkúta: òróró wọn dáa, àmọ́ ẹ fetí sí ohun tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ fi ṣe

Mi ò kì í kọ review. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé tí ọjà bá dáa mo máa dákẹ́, tí ò bá dáa mo máa rojọ́ ẹ̀ fún ọkọ mi, ó parí. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí ní ṣọ́ọ̀bù yìí ní Sátidé tó kọjá ò ṣe é gbé mì.

Lemongrass oil ni mo fẹ́ lọ dá padà (ọ̀rọ̀ ìyẹn ṣì ń bọ̀). Mo dé káńtà, mo bá ìyá kékeré kan níwájú mi tó pọnmọ, ọmọ yẹn ò lè ju oṣù mẹ́rin márùn-ún lọ, ọ̀fìnkìn ti dí i nímú pa, ẹ máa gbọ́ bó ṣe ń fi tipátipá mí lẹ́yìn ìyá ẹ̀. Ọmọge tó ń tajà gbé ìgò eucalyptus kékeré kan sílẹ̀, mílílítà 10, ó ní: "Mummy wa, eléyìí ni o. Ẹ kán ẹyọ kan síhò imú ọ̀tún, ẹyọ kan sí tòsì, kẹ́ ẹ fi díẹ̀ ra á láyà. Tó bá dalẹ́ kẹ́ ẹ po ìkan mọ́ oyin kó lá a."

Mo ní kí ló wí? Ó tún un sọ! Tẹ̀rín tẹ̀rín!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ nílé, eucalyptus tó wà nínú ìgò yẹn kì í ṣe ewé tẹ́ ẹ já sínú omi gbígbóná. Ewé rẹpẹtẹ ni wọ́n ń fi ooru omi fà kí ìgò kékeré tó kún. Kò tó ṣíbí tíì kan tó lè kó ọmọdé sí wàhálà tó bá gbé e mì, ọmọ á máa sùn bí ẹni tí ò ní jí mọ́, èémí ẹ̀ á máa já, gìrì lè gbé e. Gìrì táwọn ìyá wa ń sá fún, ẹ wá ń fowó yín rà á! Ti ihò imú gan-an burú, ó lè mú kí ọ̀nà èémí ọmọ ọwọ́ fún pọ̀ lójijì. Ká má tíì sọ ti oyin, wọn kì í fún ọmọ tí ò tíì pé ọdún kan lóyin rárá.

Ara mi ti gbóná. Mo ní, "Àǹtí, gba ìgò yẹn padà lọ́wọ́ wọn." Ó ní, "Ma, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n dá kọ́sítọ́mà mi lóhùn, natural ni, ewé ni wọ́n fi ṣe é, kò ní kẹ́míkà kankan." Mo ní ẹ̀gẹ́ tútù náà natural ni, ṣé wàá jẹ ẹ́ bó o ṣe hú u? Ó ní òun ò bá mi jà. Mo ní èmi ń bá ẹ jà.

Ìyá ọlọ́mọ wá bi mí pé balm onímẹ́ńtọ̀lì ńkọ́, torí òun ló ti ń fi ra ọmọ. Èyí tó dùn mí jù nìyẹn, torí ọmọ Ẹ̀gbá tiwa ló ti kìlọ̀ ẹ̀ tipẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, kó tó di mínísítà ètò ìlera, òun àti Dókítà Olowe ti kọ ìwádìí jáde ní 1980 lórí mẹ́ńtọ̀lì àti ọmọ tuntun tí G6PD (èròjà kan tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀) inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ò tó, pé ó léwu, ibà pọ́njú (jaundice) lè dé sí i. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ láàárín wa. Ìdí nìyẹn táwọn nọ́ọ̀sì fi máa ń pariwo káńfọ̀ àti mẹ́ńtọ̀lì mọ́ wa létí tá a bá gbọ́mọ lọ gbabẹ́rẹ́ àjẹsára.

Ariwo wa ló mú Alhaja tó ni ṣọ́ọ̀bù jáde láti yàrá ẹ̀yìn, ó ti awò ojú ẹ̀ sókè orí, ọwọ́ ẹ̀ ń rùn kànáfùrù. Mo ti múra ìjà kejì. Lóòótọ́, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé "Ẹ rọra, Àǹtí, ẹ má pariwo lé ọmọ ọlọ́mọ lórí." Mo ṣàlàyé. Ó yíjú sí ọmọge: "Ta ló ní kó o máa sọ bẹ́ẹ̀?" Ọmọ yẹn ò wojú ẹnikẹ́ni, ó ní, "Ẹ̀yin náà ni, Alhaja. Orí status yín ni mo ti kà á."

Gbogbo wa dákẹ́. Ìyá ọlọ́mọ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

Ibí lọ̀rọ̀ ti yí padà fún mi o. Alhaja fa fóònù ẹ̀ yọ, ó wá status yẹn kàn, ẹni tó ń kó ọjà fún un láti Èkó ló fi ránṣẹ́, "ó dáa fún ọ̀fìnkìn tọmọdé tàgbà", ó pa á rẹ́ lójú wa. Ó dá owó ìyá yẹn padà, ó ní kó lọ bèèrè omi oníyọ̀ tí wọ́n ń kán símú ọmọ ní kẹ́míìsì, àti pé tí ọmọ ò bá lè mu ọyàn dáadáa tàbí tó ń mí yára jù, kó má wulẹ̀ dúró, kó gba ọsibítù lọ. Ó wá jókòó sórí àpótí, ó fa apẹ̀rẹ̀ eucalyptus sọ́dọ̀, ó ń kọ ọ́ sára ìgò níkọ̀ọ̀kan: KÌ Í ṢE FÚN ỌMỌDÉ, Ẹ MÁ MU Ú. Máákà ò mú ara ìgò, ló bá gé pépà, ó ń fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Ó ní kí ọmọge wá máa bá òun gé e. Kò bú u o, ó kàn ní, "Èmi àti ẹ la jọ jẹ̀bi, máa gé e."

Ó bi mí báwo ni mo ṣe ń po tèmi. Mo ní ẹ̀kán 12 sínú òróró àgbọn mílílítà 30 fún ara, ìdajì ẹ̀ fún ojú, mo sì máa ń fi sí abẹ́ apá wò fọ́jọ́ kan kí n tó lò ó. Ó ní ṣé mo ń fi lemon sí i? Ó ní lemon tí wọ́n fún láti ara èèpo, tẹ́ ẹ bá fi sára tẹ́ ẹ bọ́ sóòrùn, ó lè bó yín lára, ó kéré tán kẹ́ ẹ fi wákàtí 12 sá fún oòrùn. Nínú oòrùn Abẹ́òkúta yìí! Kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún mi rí. Ó tún ní tọ́mọ bá ṣèèṣì gbé òróró yìí mì, kẹ́ ẹ má fún un lépo pupa, kẹ́ ẹ má fipá mú un bì, torí ó lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ, ọsibítù FMC Ìdí-Àbà ni kẹ́ ẹ máa gbé e lọ, tìgò tìgò.

Ó dáa. Lemongrass mi wá ńkọ́?

Wọ́n kọ "100% pure, therapeutic grade" sí i lára. Ẹ jẹ́ n sọ fún yín, kò sí ìjọba kankan tó ń fúnni ní "therapeutic grade", ẹni tó ń tajà ló ń fún ara ẹ̀. Mo kán an sórí pépà funfun pẹ̀lú eucalyptus wọn. Nígbà tílẹ̀ fi mọ́, eucalyptus ti gbẹ láìfi àmì sílẹ̀, lemongrass fi àmì òróró róbótó sílẹ̀. Alhaja ò jiyàn, ó ní àwọn fi òróró àgbọn là á ni torí ó máa ń ta sára èèyàn. Òótọ́ ni, ó máa ń ta. Àmọ́ kọ ọ́ sára ìgò nígbà náà! Èmi ń ka ẹ̀kán, mi ò mọ̀ pé òróró àgbọn ni mò ń kà. Kò dá owó mi padà o, ó ní mo ti ṣí i. Tea tree ló fi pààrọ̀ ẹ̀, mo fi ₦700 lé e, wọ́n tún gba ₦100 POS lé ₦700!

Tea tree yẹn dáa ṣá, òórùn ẹ̀ mọ́, ìgò dúdú, ó ń kán ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́ Alhaja, ẹ kó ìgò kúrò lójú wíńdò. Àtọ̀sán ni oòrùn ń sá sí wọn, tea tree tí ooru àti afẹ́fẹ́ bá ti bà jẹ́ ló ń sú síni lára.

Mo fún wọn ní 4 nínú 5. Ìkan tó kù, POS ló jẹ ẹ́.