Iná iwájú tuntun fún Land Rover àtijọ́: wáyà ló ṣiṣẹ́ jù

Ojú iná méjì ti Hella, ilé iṣẹ́ iná ọkọ̀ kan ní Jámánì, ni mo rà, róbótó, onígíláàsì, ínǹṣì 7, pẹ̀lú gílóòbù H4 méjì (irú tí fúùlù, iná tó ń lọ jìnnà, àti díìmù, iná rírẹlẹ̀, jọ wà nínú ẹyọ kan) àti wáyà onírelay (relay ni suwíìṣì kan tí iná díẹ̀ ń darí) tí wọ́n ti so pọ̀ sílẹ̀. Land Rover One Ten mi ni mo rà wọ́n fún, ọkọ̀ tí wọ́n ti ṣe kí wọ́n tó sọ irú rẹ̀ ní Defender ní 1990. Bí ẹ bá bi mí léèrè èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé, wáyà ni. Ojú iná ló tẹ̀lé e. Gílóòbù ló gbẹ́yìn. Àwọn ọmọ tó ń tajà ní Aráròmí, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ tó wà ní Gate n'Ìbàdàn, kò ní fara mọ́ ohun tí mo sọ yìí, torí gílóòbù ló ń yá lọ́wọ́ wọn jù.

Ìbàdàn ni mò ń gbé, oko pákí mi sì wà ní ọ̀nà Adó-Àwáyè, téèyàn bá ti kọjá Ìsẹ́yìn. Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn jẹ́ kílómítà 65, ìjọba sì ti tún un ṣe. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó dán ti sọ gbogbo èèyàn di asáré. Nígbà tí kòtò pọ̀, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni gbogbo wa ń rìn. Ní báyìí, eré àsápajúdé ni, nínú òkùnkùn biribiri, torí téèyàn bá ti jáde nínú ìlú, iná ojú ọkọ̀ rẹ̀ nìkan ló ní. Ọ̀kadà tí kò níná lẹ́yìn ń gbé àpò gààrí lọ níwájú yín. Tírélà tó dẹnu kọlẹ̀ dúró sójú títì gan-an, ẹ̀ka igi tútù méjì ni dírẹ́bà rẹ̀ jù sẹ́yìn rẹ̀, òun nìyẹn tó fi ń kìlọ̀ fáráyé. Màlúù funfun kò burú, ẹ ó tètè rí i. Èyí tó dúdú ló ń pààyàn.

Iná tó wà lójú ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀ ni irú èyí tí gíláàsì, jígí ẹ̀yìn rẹ̀ àti wáyà tíntín tó ń tàn nínú rẹ̀ jẹ́ odindi kan ṣoṣo. Bí òkúta bá ta gíláàsì rẹ̀ fọ́, gbogbo rẹ̀ di àdánù. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí àtùpà tí epo fẹ́ tán nínú rẹ̀. Oore kan tó wà níbẹ̀ ni pé ìwọ̀n kan náà ni Jeep CJ, Land Cruiser 40, Mercedes G àti Mini àtijọ́ ń lò, nítorí náà ohun tí ẹ lè fi rọ́pò rẹ̀ kò ṣòroó rí. Ìbàdàn níbí sì ni ilé iṣẹ́ Leyland ti ń to Land Rover nígbà kan. Àwọn àgbà mẹkáníìkì tó lè fi ojú dídì tú ọkọ̀ yìí palẹ̀ ṣì wà, wọ́n sì ń bínú sáwọn ọmọ tó ń fi kọ̀ǹpútà wá àìsàn mọ́tò.

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ti ojú iná, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń rajà lójú dúdú. Ọmọkùnrin tí mo lọ bá ní Aráròmí ti mọ̀ mí, Ìyá Lándírófà ni gbogbo ìlà wọn ń pè mí. Tòkunbọ̀ méjì ló kọ́kọ́ gbé jáde, wọ́n mọ́ tónítóní.

"Mọ́mì, London nìyí, ojúlówó. Ẹ ò ní rí irú ẹ̀ mọ́."

Mo gbé e síta sínú oòrùn, mo wo ìsàlẹ̀ gíláàsì rẹ̀. Mo ní, "Ọmọ mi, ojúlówó ni lóòótọ́. Àmọ́ títì London ni wọ́n ṣe é fún."

Ó rò pé mo ń ná an ni, ló bá bù díẹ̀ kúrò lórí iye tó kọ́kọ́ pè.

Ọfà ni mo rí. Iná díìmù kì í tàn dọ́gba lọ́tùn-ún lósì. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gé e mọ́lẹ̀ ní apá ibi tí ọkọ̀ ti ń bọ̀, kó má baà gba ojú dírẹ́bà ibẹ̀. Wọ́n sì jẹ́ kó gòkè díẹ̀ ní apá etí títì, kó lè fi ẹlẹ́sẹ̀ àti ewúrẹ́ hàn. Ọwọ́ ọ̀tún la ń gbà ní Nàìjíríà, láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972 tí a ti pa ọwọ́ òsì àwọn Gẹ̀ẹ́sì tì. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ṣì ń gbà ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní Japan, ìlú méjèèjì yìí sì wà lára ibi tí tòkunbọ̀ ti ń wọlé sí wa. Iná tí wọ́n bá tú lára ọkọ̀ tó ń rin títì ibẹ̀, ojú ẹni tó ń bọ̀ ló máa ń gòkè sí. Etí títì tó yẹ kó fi hàn yín á wá wà nínú òkùnkùn. Kò sí bí ríwáyà ṣe lè yí síkúrúù tó, ìyẹn ò ní yí padà, torí ara gíláàsì gan-an ni wọ́n fín in sí.

Dídá a mọ̀ kò le. Lára èyí tó jẹ́ ojúlówó, ẹ ó rí lẹ́tà E nínú àmì róbótó kan, pẹ̀lú nọ́ńbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: 1 ni Jámánì, 2 ni Faransé, 11 ni Gẹ̀ẹ́sì. Nọ́ńbà yẹn ń sọ orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí i, kì í sọ ọwọ́ tó wà fún. Ọfà ló ń sọ ìyẹn. Bí ẹ bá dúró níwájú iná náà tí ẹ kọjú sí i, tí ọfà kan sì na ìka sí ọwọ́ ọ̀tún yín, ìlú tí wọ́n ti ń gba ọwọ́ òsì ni wọ́n ṣe é fún. Bí kò bá lọ́fà rárá, tiwa nìyẹn. Èyí tí mo mú lọ sílé, E1 ló wà lára rẹ̀, kò lọ́fà.

Gíláàsì gidi ni, kì í ṣe ike, ó wúwo lọ́wọ́. Yanrìn ọ̀nà oko kò lè tètè họ ọ́, oòrùn kò sì ní sọ ọ́ di yẹ́lò bó ṣe ń ṣe ojú iná oníke. Ó wọlé síbi tí ti àtijọ́ wà láìgé ohunkóhun. Ẹ yọ ike tó yí i ká, ẹ tú síkúrúù mẹ́ta lára òrùka rẹ̀, ó parí. Tèmi ti dípẹtà, ó mu epo dáadáa kó tó gbọ́rọ̀.

Ó wá kan wáyà. Nínú irú ọkọ̀ yìí, gbogbo iná tó ń lọ sójú iwájú ń ti ọ̀dọ̀ bátìrì gba inú suwíìṣì ìdí sítíárì kọjá. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tún ń wọ inú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó dàgbà ju àkọ́bí mi lọ, kó tó dé ọ̀dọ̀ gílóòbù. Gílóòbù H4 méjì lórí fúùlù ń fa nǹkan bí ampere 10. Ẹ fọwọ́ kan ìdí suwíìṣì yẹn lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi fúùlù rìn díẹ̀, ẹ ó mọ ibi tí iná ń gbà sọnù. Ríwáyà mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, mítà tí wọ́n fi ń wọn iná ló kó jáde. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, volt 13.9 ló wà lórí bátìrì. Ní ìdí ojú iná, 11.8.

"Mọ́mì, ẹ rí i? Volt méjì ti já sọ́nà."

Volt méjì lè dà bí ohun kékeré létí. Gílóòbù halogen kì í ro ó bẹ́ẹ̀. Bí volt bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá dín, ìmọ́lẹ̀ á fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá dín. Tèmi tún jù bẹ́ẹ̀ lọ: nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ìmọ́lẹ̀ tó yẹ kí n máa rí ni n kò rí.

Iṣẹ́ relay ni láti gba ẹrù yìí lórí suwíìṣì. Àṣẹ lásán ni suwíìṣì á máa pa. Relay á gba iná tààrà lọ́dọ̀ bátìrì, nínú wáyà tó nípọn, fíúsì á sì wà nítòsí bátìrì. Méjì ni relay náà, ọ̀kan fún fúùlù, ọ̀kan fún díìmù. Ẹnu wáyà àtijọ́ ti ojú iná kan ni a kì bọ inú tuntun yìí, a fi téèpù wé ti ìkejì, a so ó sẹ́yìn. Earth, wáyà tó ń dá iná padà sọ́dọ̀ bátìrì, náà di tuntun, èyí sì ṣe pàtàkì nínú Land Rover: ara rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù, irin ló gbé e dúró, ibi tí méjèèjì bá ti fara kanra ni ìjẹra ti ń bẹ̀rẹ̀. Ojú iná ọ̀tún mi ti ń ṣókùnkùn ju ti òsì lọ tipẹ́ nítorí èyí.

Mo ní kí ríwáyà kọ́kọ́ so wáyà tuntun mọ́ iná àtijọ́ ná, kó má tíì fọwọ́ kan Hella. Kò wù ú, ó fẹ́ parí iṣẹ́ kó máa lọ, àmọ́ ó ṣe é. Mítà gbé 13.5 wá ní ìdí ojú iná. Iná pupa àtijọ́ yẹn funfun, ojú ọ̀tún àti ojú òsì sì dọ́gba. Ohun tí mo rí lálẹ́ ọjọ́ yẹn pọ̀ ju ohun tí Hella wá fi kún un lẹ́yìn náà lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní wáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ rà.

Wáyà náà kò ní orúkọ ilé iṣẹ́ kankan lára. Bàbà inú rẹ̀ tó, relay rẹ̀ kò lábùkù, ilé fíúsì rẹ̀ ni wọ́n fi ṣeré. Kò ní ìdérí, omi ìdàwọ́ òjò kan ti tó láti bà á jẹ́. Ríwáyà gé e kúrò, ó fi èyí tó ní ìdérí sí i, ó sì so relay sókè dáadáa, torí a máa ń la odò kékeré kan kọjá lójú ọ̀nà oko nígbà òjò.

Gílóòbù wọ́ọ̀tì 60/55 ni mo rà, 60 fún fúùlù, 55 fún díìmù. Wọ́n á fi 100/90 lọ̀ yín lọ́jà, wọ́n á ní òun ló ń tàn jù. Ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Ooru rẹ̀ á yọ́ ẹnu wáyà, á sì ba jígí ẹ̀yìn iná jẹ́. Ẹ má sì fi ọwọ́ lásán di gíláàsì gílóòbù mú, àgàgà ẹ̀yin tí epo kì í tán lọ́wọ́ yín. Ọ̀rá ọwọ́ ń mú kó tètè jó.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí n kò ra LED. Aládùúgbò mi kan ní Jeep Wrangler, LED olórùka funfun ló wà lójú rẹ̀, àwọn ọmọdé àdúgbò fẹ́ràn rẹ̀. A gbé ọkọ̀ méjèèjì kọjú sí ògiri ilé ẹ̀kọ́ kan lálẹ́. Tèmi fa ìlà tó já gaara sára ògiri, ó gòkè díẹ̀ lápá ọ̀tún. Tirẹ̀ da funfun bo gbogbo ògiri, ó dé orí igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, tèmi mọ́lẹ̀ ju tiyín lọ."

Òótọ́ ni. Mo ní kó lọ dúró síwájú, níbi tí dírẹ́bà tó ń bọ̀ á wà. Ó fi apá bo ojú.

Gbogbo LED kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀. Truck-Lite àti J.W. Speaker ń ṣe ojú iná LED ínǹṣì 7 tí wọ́n tò dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀, owó wọn ló ga jù fún mi. Èyí tí n kò ní gbà láéláé ni gílóòbù LED tí wọ́n ń kì bọ inú ojú iná H4. Nínú gílóòbù H4 gidi, irin kékeré kan wà lábẹ́ wáyà díìmù tó ń dí ìmọ́lẹ̀ tí ì bá lọ sókè. Ibi tí wáyà yẹn àti irin yẹn wà gan-an ni wọ́n fi wọn gíláàsì àti jígí. LED tó kàn wá jókòó síbẹ̀ kì í sábà bá ìwọ̀n yẹn mu, ojú ẹlòmíràn ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń lọ.

Ẹ gbọ́dọ̀ darí iná lẹ́yìn tí ẹ bá dè é tán. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, mítà 10 sí ògiri. Ìlà díìmù gbọ́dọ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 10 wà nísàlẹ̀ ìwọ̀n gíga àárín ojú iná. Ẹ kó ẹrù tí ẹ sábà ń kó sẹ́yìn ọkọ̀ kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Bí àpò pákí bá tẹ ìdí Land Rover mọ́lẹ̀, imú rẹ̀ á gbé sókè, gbogbo ìlà tí ẹ ti fà lófìfo á sì bọ́ sójú àwọn tó ń wakọ̀ bọ̀.

Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn: Hella náà wọ́n, ó tó ìlọ́po mẹ́ta LED olórùka lọ́jọ́ tí mo rà á, dọ́là sì lè ti yí i padà. Kò ní sọ òru di ọ̀sán. Fúùlù rẹ̀ dé ibi tó jìnnà lójú títì, àmọ́ ní kọ́nà ọ̀nà oko, ibi tí imú ọkọ̀ kọjú sí nìkan lẹ ó rí, ẹ ṣì ní láti rọra. Láàárín ọyẹ́, nígbà tí eruku dúró nínú afẹ́fẹ́, àwọ̀ rẹ̀ tó pọ́n díẹ̀ tù mí lójú ju funfun Jeep yẹn lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ní Land Cruiser àtijọ́, ọ̀rọ̀ wáyà yìí yàtọ̀ díẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota ayé ìgbà yẹn, iná ti máa ń wà ní ìdí gílóòbù, earth ni suwíìṣì ń so tó sì ń já. Wáyà onírelay tí wọ́n ṣe fún Land Rover lè má ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tàbí kí àmì fúùlù inú dáṣíbọ́ọ̀dù máa tàn bó ṣe wù ú. Ẹ jẹ́ kí ríwáyà fi mítà wo ẹnu wáyà náà kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì sọ fún ẹni tó ń tajà pé ti Toyota lẹ fẹ́.