PRDH: ibi tí mo ti rí àwọn bàbá ńlá ọkọ mi ní Quebec

Kí n má fọ̀rọ̀ gùn, PRDH, sáìtì tí wọ́n ti ń wá ìtàn ìdílé àwọn ará Quebec ní Canada, tó owó tí wọ́n ń gbà, àmọ́ kì í ṣe ibẹ̀ lẹ máa ti bẹ̀rẹ̀ o. Woonsocket ní Rhode Island ni wọ́n bí màmá ọkọ mi sí, iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ aṣọ ló gbé àwọn bàbá wọn kúrò lóko ní Quebec. Bíi 900,000 èèyàn ló kó lọ Amẹ́ríkà bẹ́ẹ̀ láàárín 1840 sí 1930, ilẹ̀ ò tó àwọn ọmọ pín mọ́. Màmá wá ní kí èmi ìyàwó Yorùbá bá àwọn wádìí ẹ̀, pé àwa la mọ ìtàn ìdílé sọ. Ó dáa náà.

FamilySearch, sáìtì ìtàn ìdílé, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, ọ̀fẹ́ ni, ẹ fi wá orúkọ òbí ẹni tó sọdá wá sí Amẹ́ríkà. Ẹ fojú sílẹ̀ o, ẹni tó ń jẹ́ Boisvert lọ́hùn-ún lè ti di Greenwood ní Amẹ́ríkà, Roy náà á di King. Sáìtì ńlá kan tún wà tí mi ò ní dárúkọ, tí kálukú kàn ń da ìtàn ẹlòmíì kọ síbẹ̀, mo rí obìnrin kan níbẹ̀ tó ṣì ń bímọ lẹ́yìn tó ti kú. Ẹ gbà mí!

PRDH yàtọ̀ pátápátá. Yunifásítì Montréal ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1966, wọ́n kó àkọsílẹ̀ ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú ìjọ Kátólíìkì láti 1621 títí dé àárín àwọn ọdún 1800, wọ́n wá tò ó ní ẹbí ẹbí, ẹ kàn máa tẹ orúkọ tọkọtaya ni, gbogbo ọmọ wọn á jáde, ẹni tí kálukú fẹ́, àti òbí tọkọtaya ọ̀hún, ẹ tẹ tàwọn náà, ẹ ó máa gòkè lọ títí dórí ẹni tó wọkọ̀ ojú omi láti ilẹ̀ Faransé. Ohun tó jẹ́ kó rọrùn ni pé orúkọ bàbá obìnrin làwọn àlùfáà wọn fi máa ń kọ ọ́ sílẹ̀, ì báà ti lọ́kọ, ì báà ti kú. Bí mo ṣe kan ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin bíi 770 tí Ọba Louis XIV san owó ọkọ̀ wọn láàárín 1663 sí 1673 kí wọ́n lè lọ fẹ́ àwọn ọkùnrin Quebec nìyẹn, "ọmọbìnrin ọba" ni wọ́n ń pè wọ́n. Inú màmá dùn débi pé wọ́n ti ń pe ara wọn lọ́mọ ọba, mo ní rárá o, ma.

Àlàjẹ́ tí wọ́n ń pè ní "dit" tún wà, bíi Hudon dit Beaulieu: nínú ọmọ ìyá kan náà, ọ̀kan á máa jẹ́ Hudon, èkejì á ní Beaulieu lòun. PRDH mọ̀ pé ẹbí kan náà ni. Hit ni wọ́n ń tà ṣá, ojú ìwé tẹ́ ẹ bá ṣí ni wọ́n ń yọ níbẹ̀, ẹ má máa tẹ nǹkan bí ẹni ń wo Instagram.

Àmọ́ PRDH ò ní sọ fún yín bí bàbá ńlá náà ṣe dáko. Inú ìwé àwọn nótárì, àwọn tó ń kọ ìwé àdéhùn lábẹ́ òfin, lẹ ti máa rí ìyẹn, ó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí sáìtì BAnQ, ilé ìkàwé àti àkọsílẹ̀ ìjọba Quebec, àní ibẹ̀ gan-an ló dùn. Tí bàbá bá ti darúgbó, á fi oko fún ọmọ kan, ọmọ á wá fọwọ́ síwèé níwájú nótárì pé lọ́dọọdún òun á fún bàbá àti ìyá òun ní àlìkámà báyìí, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ báyìí, igi ìdáná, ẹṣin tí wọ́n á gùn lọ ṣọ́ọ̀ṣì, títí kan Mísà tí wọ́n á ṣe fún wọn tí wọ́n bá kú! Bàbá tó bímọ tí ò fọkàn tán an, ẹ ò rí nǹkan. Ìkọ̀wé wọn le kà ṣá, Faransé àtijọ́ ni. Ìkànìyàn 1667 àti 1681 tún ka màlúù àti ilẹ̀ tí wọ́n ro, ti 1871 ka àlìkámà àti ọ̀dùnkún.

Tó bá jẹ́ Acadia, lápá Nova Scotia, ni tiyín ti ṣẹ̀ wá, ẹ má tíì sanwó fún PRDH, ìjọ Quebec ni wọ́n dojú kọ.