Ìkìlọ̀: sítáàṣì ni àwọn kan ń tà lórúkọ alginate àti chitosan

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra páúdà alginate láti fi ṣe ìtọ́jú awọ ojú, ẹ má sanwó kílò rẹpẹtẹ láìdán díẹ̀ wò. Àwọn oníjìbìtì ń lú u mọ́ sítáàṣì, torí pé ojú lásán kò lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀.

Ara koríko òkun aláwọ̀ ilẹ̀ ni alginate ti ń wá. Láti dán an wò, ẹ wọ́n gíráàmù 1 páúdà náà díẹ̀díẹ̀ sínú omi mìlílítà 100, kí ẹ máa rò ó kó má baà ṣù, kí ẹ sì fi sílẹ̀ fún wákàtí kan. Ẹ má lo omi kànga o: kálísíọ́ọ̀mù inú rẹ̀ lè mú ojúlówó pàápàá ṣù, ẹ ó sì fẹ̀sùn kan aláìmọwọ́mẹsẹ̀. Ẹ yọ́ gíráàmù 1 calcium chloride (iyọ̀ tó ní kálísíọ́ọ̀mù nínú) sínú omi mìlílítà 100 mìíràn, kí ẹ wá máa kán ti àkọ́kọ́ sí i. Ojúlówó á di hóró roboto-roboto bí ẹyin ẹja lójú ẹsẹ̀. Sítáàṣì á kàn tú ká ni. (Àpòpọ̀ tí wọ́n ti ṣe tán fún ojú yàtọ̀, ó ti ní kálísíọ́ọ̀mù nínú, omi nìkan ló yẹ kó mú un gan láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, kó sì ṣeé bó bí awọ.)

Áyódíìnì tí wọ́n ń fi sójú ọgbẹ́ náà ń túdìí àṣírí. Ẹ se ṣíbí tíì kan páúdà náà nínú ife omi kan, kó tutù pátá, torí àwọ̀ náà kì í hàn nínú omi gbígbóná, kí ẹ tó kán an sí i lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá dúdú bí aró, sítáàṣì wà níbẹ̀.

Chitosan, èèpo akàn àti edé ni. Kì í sábà yọ́ nínú omi lásán. Ẹ da fínígà funfun ìwọ̀n 1 mọ́ omi ìwọ̀n 4, kí ẹ fi gíráàmù 1 sínú mìlílítà 100 rẹ̀ di ọjọ́ kejì: ó yẹ kó ki, kó máa fà. Ẹni tí ara rẹ̀ bá kọ akàn tàbí edé kò gbọdọ̀ gbé e mì láìbi dókítà.

Èyí tó burú jù ni àwọn tó ń ta fucoidan, èròjà mìíràn láti ara koríko òkun aláwọ̀ ilẹ̀, fún alárùn jẹjẹrẹ pé ó ń wò ó sàn. Kò sí ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ lára ènìyàn, ó sì lè ṣèpalára fẹ́ni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtọ́jú ilé ìwòsàn sílẹ̀ nítorí rẹ̀.

Ohunkóhun tó bá ti ara koríko òkun wá tí ẹ fẹ́ gbé mì, ẹ béèrè ìwé àyẹ̀wò tó sọ iye áyódíìnì àti arsenic (májèlé kan) inú rẹ̀. Bí nọ́ńbà bátìṣì inú ìwé kò bá bá ti ara ike mu, ẹ má rà á.