Káàdì ohùn kọ̀ǹpútà, interface USB, àbí èyí tó ní DSP: èwo ni kí ẹ rà nítorí latency?

Tí ẹ bá ń kọrin sínú máíkì, tí ohùn yín sì ń fà sẹ́yìn kó tó dé inú hẹ́dífóònù (latency nìyẹn), ẹ má tíì lọ ra kọ̀ǹpútà tuntun. Driver, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá ohun èlò ohùn sọ̀rọ̀, ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Buffer ni iye ohùn tí kọ̀ǹpútà ń kó jọ kó tó gbé e jáde. Ní 44.1 kHz (sample ohùn 44,100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), buffer sample 128 jẹ́ mílísẹ́kọ́ńdì 2.9, 256 jẹ́ 5.8, 1024 sì lé ní 23. Àlọ nìkan nìyẹn o. Ohùn máíkì gbọ́dọ̀ wọlé kó tún jáde, torí náà ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, kí ẹ fi díẹ̀ lé e fún driver. Tó bá ti kọjá mílísẹ́kọ́ńdì 10 sí 12, ọ̀pọ̀ akọrin á ti máa fura. Onílù á ti bínú ṣáájú wọn.

Káàdì inú kọ̀ǹpútà kò náni lówó kankan. Core Audio, ètò ohùn inú Mac, ń ṣe dáadáa bó ṣe wà. Lórí Windows, irú driver kan tó ń jẹ́ ASIO, tí ilé-iṣẹ́ Steinberg gbé jáde, ló ń jẹ́ kí ohùn gba ẹ̀bùrú kọjá mixer Windows. Tí káàdì yín kò bá ní tirẹ̀, ASIO4ALL wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ó tó ẹni tó ń fi keyboard MIDI ṣe beat. Ṣùgbọ́n ẹ sọ buffer di 64, ohùn lè bẹ̀rẹ̀ sí í ta páá-páá.

Interface USB, àpótí tí ẹ ń fi wáyà USB so máíkì mọ́ kọ̀ǹpútà, ni mo máa ń ní kí ọ̀pọ̀ èèyàn rà, pàápàá nítorí direct monitoring. Ẹ tẹ bọ́tìnì rẹ̀ lára Focusrite Scarlett 2i2, ohùn máíkì á ti inú interface bọ́ sí hẹ́dífóònù láì dé kọ̀ǹpútà, ì báà jẹ́ buffer 1024. Àmọ́ ohùn gbígbẹ ni: kò sí reverb, kò sí Auto-Tune. Tí ẹ bá sì gbọ́ ohùn méjì tó ń lé ara wọn, interface kọ́ ló bàjẹ́. Ẹ lọ pa monitoring lórí track inú DAW (ètò tí ẹ fi ń gba ohùn sílẹ̀).

Ẹ má jẹ́ kí ariwo Thunderbolt, ojú wáyà tó yára ju USB 2.0 lọ, gba owó lọ́wọ́ yín. USB 2.0 ni RME fi ṣe Babyface Pro, latency rẹ̀ sì kéré gan-an, torí àwọn fúnra wọn ló ń kọ driver wọn. Kí ẹ tó sanwó fún interface èyíkéyìí, ẹ wò ó bóyá ó ní ASIO tirẹ̀.

DSP, ẹ̀rọ inú interface tó ń ṣe effect fúnra rẹ̀, wà fún akọrin tí kò lè kọrin láì gbọ́ effect. Inú interface Universal Audio Apollo ni plugin (ètò tó ń ṣe effect) ti ń ṣiṣẹ́, kò dúró de buffer. Ó wọ́n ju àwọn yòókù lọ, plugin tí wọ́n ṣe fún un nìkan ló sì ń gbà síbẹ̀.

Ẹ má pààrọ̀ DAW nítorí èyí. Logic ní Low Latency Mode, Cubase ní Constrain Delay Compensation. Àwọn plugin tó ń fa ìdádúró, bíi limiter àti EQ linear phase tó wà lórí master, ni wọ́n ń yẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń gba ohùn.

Hẹ́dífóònù Bluetooth ńkọ́? Kò sí èyí tó lè gbà yín nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Onítòwáyà ni kí ẹ rà.