Roland UM-ONE mk2: wáyà tí a fi ń kó ohùn jáde nínú Yamaha DX7 kí bátìrì rẹ̀ tó kú

Kíbọ́ọ̀dù àtijọ́ tí wọ́n faṣọ bò sí kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kò ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ Ọ̀kun. Bó bá jẹ́ Yamaha DX7, èyí tó jáde ní 1983, ohun tó ṣe iyebíye jù nínú rẹ̀ ni ohùn 32 tí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ tò pa mọ́ síbẹ̀. Bátìrì pẹlẹbẹ kan, CR2032, ló ń tọ́jú wọn. Ọjọ́ tó bá kú, wọ́n lọ nìyẹn. Wáyà tó so MIDI (ọ̀nà tí kíbọ́ọ̀dù àti kọ̀ǹpútà fi ń bára wọn sọ̀rọ̀) mọ́ USB la fi ń kó wọn jáde, UM-ONE mk2 ti Roland la sì ń lò.

Wáyà pọ́ọ́kú aláìlórúkọ tó kún orí àtẹ ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Bẹ́ ẹ bá fi tẹ orin, ẹ ò ní rí àléébù kankan, torí ìró kan kì í ju báìtì (ẹyọ ìwọ̀n dátà) mẹ́ta lọ. Ṣùgbọ́n DX7 kì í fi ohùn 32 ránṣẹ́ ní díẹ̀díẹ̀. Ẹẹ̀kan ṣoṣo ló ń dà wọ́n jáde, báìtì 4,104: ohùn kọ̀ọ̀kan gba 128, àpapọ̀ wọn 4,096, mẹ́jọ tó kù wà lórí àti nídìí. Àyè tí wáyà pọ́ọ́kú fi ń gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kéré. Bó bá ti kún, ìyókù á dà nù, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ ó rí fáìlì lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ó gbà pé ó ti parí, ẹ ó yọ bátìrì. Ó tán!

UM-ONE kò tíì já báìtì kan sílẹ̀ lọ́wọ́ wa. Orí méjì ló ní, ihò tí kálukú yóò wọ̀ la sì kọ sára rẹ̀. Ẹ wo ohun kékeré tó ń yí sọ́tùn-ún sósì lára rẹ̀: ní TAB, kò nílò dráífà (ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè lo ẹ̀rọ); ní COMP, dráífà Roland gbọ́dọ̀ ti wà lórí kọ̀ǹpútà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń rò pé wáyà ti bàjẹ́.

Lórí Windows, ètò MIDI-OX tó jẹ́ ọ̀fẹ́ tó. Ẹ ṣí ojú SysEx rẹ̀ (ibi tó ti ń gba irú ẹrù yìí), kẹ́ ẹ yan Receive Manual Dump, kó máa dúró de ẹrù. Lórí DX7, ẹ tẹ FUNCTION, lẹ́yìn náà 8. MIDI CH ló máa kọ́kọ́ yọ. Ẹ fi sí 1. Ẹ tún 8 tẹ̀: SYS INFO UNAVAIL. Ẹ tẹ YES kó di AVAIL. Bẹ́ ẹ bá fo èyí, kò ní fi nǹkan kan ránṣẹ́. Ẹ tẹ 8 lẹ́ẹ̀kẹta, á béèrè MIDI TRANSMIT, ẹ tẹ YES. Kò ní tó ìṣẹ́jú àáyá méjì.

Ẹ ka báìtì. 4,104 gééré, F0 níbẹ̀rẹ̀, F7 níparí. Bó bá dín ẹyọ kan, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ gbà á lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ fi fáìlì méjèèjì wéra, kẹ́ ẹ sì ṣí i nínú Dexed, ètò kọ̀ǹpútà tó ń dún bíi DX7, láti fetí ara yín gbọ́ ọ. Bí kíbọ́ọ̀dù bá ní kátíríìjì (àpótí kékeré tí a ń kì bọ̀ ọ́, tó ní ohùn tirẹ̀ nínú), ti inú lẹ ó kọ́kọ́ kó jáde o, torí kíkó ti kátíríìjì wọlé máa pa ti inú rẹ́.

Ìgbà yìí ni bátìrì tó kàn. FUNCTION 14 máa sọ fólítì rẹ̀ fún yín. Tuntun a máa wà ní nǹkan bíi 3. Wọ́n jó o mọ́ pátákó inú ni, nítorí náà ẹ yọ wáyà iná kúrò lára ògiri, kẹ́ ẹ gbé e fún ẹni tó mọ áyọ́ọ̀nù ìjóléèdì lò. Kó jó ilé bátìrì sí i, kí ti ọjọ́ iwájú lè rọrùn. Kó má fi áyọ́ọ̀nù kan ara bátìrì gan-an, ó lè bẹ́. Lásìkò ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ Kàbà àti Ìsánlú gbẹ, kó kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin tó wọlẹ̀ kó tó fọwọ́ kan pátákó. Iná ara ènìyàn lè pa ẹ̀yà inú.

Bẹ́ ẹ bá tan án padà, ohùn tó wà nínú rẹ̀ á dàrú. Ẹ má fòyà. Ẹ tẹ MEMORY PROTECT INTERNAL, ẹ tẹ NO, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò pé SYS INFO ṣì wà ní AVAIL, kẹ́ ẹ wá fi fáìlì ránṣẹ́ padà. Kẹ́ ẹ tó kì í bọ iná ilé rárá, ẹ ka fólítì tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀: ti Japan jẹ́ 100, tiwa 230 sí 240.

Fáìlì nìkan kò tó fún àkọsílẹ̀. A máa ń ya fọ́tò nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ àti pátákó inú, a sì ń gba ohùn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní WAV 24-bit, 48 kHz, ìtẹ̀ C3 kan náà, agbára ọwọ́ kan náà. Orúkọ tí àwọn akọrin ń pe ohùn náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, torí orúkọ ojú kíbọ́ọ̀dù kò ju lẹ́tà 10 lọ.

Àléébù UM-ONE: owó rẹ̀ ju ti pọ́ọ́kú lọ dáadáa, kíbọ́ọ̀dù kan ló lè gbà lẹ́ẹ̀kan, wáyà USB rẹ̀ kò sì ṣeé yọ. Bí eku ilé ìkóhun-sí bá gé e, odidi ẹ̀rọ lẹ ó tún rà. Inú ike tó ní ìdérí la ń tọ́jú tiwa sí.