Búrọ́ọ̀ṣì, ásíìdì tàbí bọ́ọ̀lù kànrìnkàn: èwo ló tọ́ sí túùbù chiller yín?

Kí ẹni tó fẹ́ ra ohun ìtọ́jú chiller (ẹ̀rọ ńlá tí ń mú omi tutù) fún ilé iṣẹ́ rẹ̀ tó béèrè iye owó, ó yẹ kí ó mọ ohun tó dí túùbù condenser rẹ̀, ìyẹn apá tí gáàsì inú chiller ti ń fi ooru sílẹ̀ fún omi. Omi tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín condenser àti cooling tower (ilé gogoro tí omi ti ń tutù padà) ń gbẹ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó yòrò sínú rẹ̀ kì í bá a lọ. Iyọ̀ àti ṣúgà a máa tètè yòrò bí omi bá gbóná. Ti ẹfun omi yàtọ̀, nítorí bí túùbù bá ṣe ń gbóná sí i ni ẹfun náà ń kúrò nínú omi, tí ó sì ń lẹ̀ mọ́ ara bàbà bí ó ti ń lẹ̀ mọ́ ìdí kẹ́tù.

Ibi tí ẹ ti ń fa omi ṣe pàtàkì. Omi abẹ́ ilẹ̀ agbègbè Ewékorò àti Ṣágámù, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta ẹfun fún sìmẹ́ǹtì, sábà máa ń le. Ọṣẹ kì í tètè hó nínú rẹ̀. Omi ọ̀pọ̀ bóhòólù Èkó ní tirẹ̀ kan díẹ̀ bí ásíìdì, irin sì wà nínú rẹ̀: ẹ wo àwọ̀ pupa tó máa ń wà nínú korobá. Ẹni tó bá ra ẹ̀rọ tí ń fi iyọ̀ sọ omi líle di rírọ̀ fún irú omi yìí ti ra oògùn àìsàn tí kò ṣe é, irin náà yóò sì tún ba inú ẹ̀rọ ọ̀hún jẹ́.

Láàárín búrọ́ọ̀ṣì àti ásíìdì ni ọ̀pọ̀ olùrà ti ń ṣì mú. Ẹ̀rọ búrọ́ọ̀ṣì ní mọ́tò kékeré tí ń yí wáyà gígùn nínú rọ́bà, omi sì ń ṣàn gba inú rọ́bà náà láti gbá ìdọ̀tí jáde. Ó dára fún ẹrẹ̀ àti fún nǹkan aláwọ̀ ewé tí ń yọ̀ bí ilá, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò tó nǹkan lórí ẹfun tó ti di òkúta. Ẹ ra búrọ́ọ̀ṣì ọ̀rá fún túùbù bàbà, nítorí pé ti irin a máa ha á. Inú túùbù ni kí ẹ sì wọ̀n, torí túùbù tí ìta rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 19 kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú. Ásíìdì ní tirẹ̀ ń jẹ ẹfun, kò sì rí nǹkan yíyọ̀ yẹn ṣe. Ásíìdì tí wọ́n ń pè ní sulfamic rọra ju ti hydrochloric lọ, èyí tí owó rẹ̀ kéré ṣùgbọ́n tí ó lè jẹ irin bí kò bá ní èròjà tí ń dáàbò bo irin. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe po ásíìdì mọ́ bílíìṣì, nítorí gáàsì olóró ni yóò jáde.

Ẹ lè dán an wò fúnra yín. Ẹ ha díẹ̀ lẹ́nu túùbù sínú àwo, kí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí: bí ó bá hó, ẹfun ni, ásíìdì yóò ràn án. Bí kò bá hó, ẹ má tíì sanwó.

Bọ́ọ̀lù kànrìnkàn fi díẹ̀ tóbi ju inú túùbù lọ. Omi a máa gbé e kọjá, asẹ́ a sì gbà á padà. Ó wọ́n, bọ́ọ̀lù náà sì ń gbó, ṣùgbọ́n chiller kò ní dúró. Ilé iṣẹ́ tí ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru nìkan ni mo lè gbà nímọ̀ràn láti rà á, lẹ́yìn tí ó bá ti kọ́kọ́ fọ túùbù mọ́.

Kẹ́míkà inú omi kì í ṣe àrọ́pò èyíkéyìí nínú wọn. Ó ń dín ẹfun kù, ó sì ń pa kòkòrò bíi Legionella, tí ayé mọ̀ lẹ́yìn àìsàn tó bẹ́ sílẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Philadelphia lọ́dún 1976. Ní ti mágínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń so mọ́ páìpù nítorí ẹfun, n kò ní fi owó mi rà á.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìgbóná gáàsì nínú condenser àti ti omi tó ń jáde níbẹ̀ lọ́jọ́ tí túùbù ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́. Ẹ kọ iye náà sínú ìwé àdéhùn, kí ẹ sì máa wọ̀n ọ́n nígbà tí ẹrù iṣẹ́ chiller bá rí bákan náà, torí bí ó bá ń pọ̀ sí i, túùbù ti ń dí padà nìyẹn, kí ẹ tó san owó tó kù fún oníṣòwò.