Kámẹ́rà ilé: oníwáyà àbí ti Wi-Fi?

Ti Wi-Fi ò ní wàhálà: ẹ kàn án mọ́ ògiri, ẹ so ó mọ́ fóònù, ó parí. Àmọ́ èyí tó ń lo bátìrì máa ń sùn títí nǹkan á fi rìn kọjá níwájú ẹ̀. Kó tó lajú, olè ti yí ẹ̀yìn padà. Ìpàkọ́ nìkan lẹ máa rí nínú fídíò.

Oníwáyà kì í sùn. Wáyà nẹ́tíwọ̀kì kan ṣoṣo ló ń gbé iná àti àwòrán (ọgbọ́n yìí ni wọ́n ń pè ní PoE), wáyà náà sì lè gùn tó mítà 100. Lílu ògiri ni ìyọnu ẹ̀, èmi á sì fara dà á. Èyí tó wù kẹ́ ẹ mú, ẹ má gbé e sẹ́yìn gíláàsì fèrèsé: lóru, iná infrared ẹ̀, ìyẹn iná tí ojú wa ò rí tó fi ń ríran nínú òkùnkùn, á ta padà lára gíláàsì, àwòrán á funfun báláú.